Páàdì PS4 tó ń fà fúnra rẹ̀: ẹ mọ àìsàn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jó o

Bọ́ọ̀lùAlẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Páàdì PS4 méjì ló wà nílẹ̀, CUH-ZCT2 ni nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Èkíní, ánálọ́ọ̀gì òsì rẹ̀ (igi kékeré tí àtàǹpàkò ń yí) ń fà sókè: téèyàn bá gbé páàdì kalẹ̀ sórí tábìlì láìfọwọ́ kàn án, ojú tẹlifíṣọ̀n á máa gòkè lọ fúnra rẹ̀. Èkejì kì í fà nígbà gbogbo. Ánálọ́ọ̀gì ọ̀tún rẹ̀ ló máa ń ta pọ́ún sí òsì, pàápàá téèyàn bá ń rọra yí i láti fojú sun nǹkan nínú Call of Duty. Ṣé kí n lọ ra tuntun ni, àbí wọ́n ṣeé tún ṣe? Bí wọ́n bá ṣeé tún ṣe, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÀgbàPáàdì

Má tíì ra nǹkan kan, àbúrò. Àìsàn méjì lo kà sílẹ̀ yẹn, orúkọ kan la kàn ń pè wọ́n. Oògùn wọn kò papọ̀.

Nínú ánálọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ojú káábónì méjì ló wà. Ọ̀kan ń ka òkè àti ìsàlẹ̀, èkejì ń ka òsì àti ọ̀tún. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ha ojú káábónì yẹn ní gbogbo ìgbà tí àtàǹpàkò bá ti ánálọ́ọ̀gì. Ibi tí irin náà bá dúró sí ni páàdì ń kà, á sì sọ ọ́ di nọ́ńbà láti 0 dé 255. Bí ọwọ́ kò bá kàn án, ó yẹ kó wà ní nǹkan bí 128. Tí páàdì bá ń fà, nọ́ńbà yẹn ni kò sọ òótọ́ mọ́, òun náà la sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò.

Fi okùn USB so páàdì mọ́ kọ̀ǹpútà. Kó jẹ́ okùn tó ń gbé dátà o: púpọ̀ nínú okùn fóònù olówó pọ́ọ́kú, iná nìkan ló ń gbé, èèyàn á wá rò pé páàdì ti kú. Ṣí Chrome tàbí Edge, kó o wá "gamepad tester". Á fi ánálọ́ọ̀gì hàn ọ́ láti -1 dé 1.

Gbé páàdì kalẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Bó bá ń sọ 0.00392, kò sí àìsàn níbẹ̀, torí pé 128 kò bọ́ sí àárín 0 àti 255 gẹ́lẹ́ ni. Títí dé 0.05, ọ̀pọ̀ gẹ́ẹ̀mù kò ní kà á sí. Ṣùgbọ́n bó bá dúró gbọn-in sórí 0.09 tàbí 0.12 láì mì, àárín rẹ̀ ló ti yẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ti ánálọ́ọ̀gì lọ sí etí kan kó o sì jù ú sílẹ̀ kó padà fúnra rẹ̀. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó o máa kọ nọ́ńbà tó bá bà lé. Bí nọ́ńbà bá ń yàtọ̀ gan-an láti ìgbà kan sí òmíràn, sípíríǹgì ti rẹ̀, tàbí ìdọ̀tí ti há sí ìdí ánálọ́ọ̀gì.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì jù fún páàdì rẹ kejì. Rọra yí i, díẹ̀díẹ̀, láti àárín lọ sí etí. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ máa gòkè bí ẹni ń gun àkàbà, láì fo ìgbésẹ̀ kan. Bó bá wà ní 0.20, tó fò dé 0.55, tó tún já bọ́ sí 0.25, ojú káábónì ti dọ̀tí tàbí ó ti jẹ.

Tún mú páàdì lọ́wọ́ méjèèjì, kó o lọ́ ọ díẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ, má lo agbára. Bí nọ́ńbà bá mì nígbà tó o lọ́ ọ, ẹsẹ̀ kan ti ṣí kúrò lára bọ́ọ̀dù nìyẹn. Lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí wọ́n ń fi ayọ́ọ̀nù yọ́ láti jó ẹsẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù) ló fẹ́, kì í ṣe ánálọ́ọ̀gì tuntun.

Kọ nọ́ńbà gbogbo sílẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan síkúrù kankan. Láìsí i, o kò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ tó o ṣe tún un ṣe tàbí ó bà á jẹ́.

WáyàTóJá

Ẹ fi èyí kún un. Bí ánálọ́ọ̀gì bá há sápá kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó tú sílẹ̀, tí gbogbo bọ́tìnnì sì ń pẹ́ dáhùn lásìkò kan náà, Bluetooth ló ń já. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí PS4 bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tàbí lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ẹ lọ sí Settings, Devices, Controllers, Communication Method, kẹ́ ẹ mú Use USB Cable, kẹ́ ẹ wá fi okùn gbá gẹ́ẹ̀mù náà. Bí ìṣòro bá lọ, ẹ má ṣí páàdì rárá, ibi tí PS4 wà ni kẹ́ ẹ yí padà. ZCT2 ló ń ṣe èyí. ZCT1 àkọ́kọ́, èyí tí iná rẹ̀ kì í yọ lójú touchpad (ojú pẹlẹbẹ àárín páàdì tí ìka ń fọwọ́ kàn), iná nìkan ló ń fi okùn gbà lára PS4.

Ihò reset tó wà lẹ́yìn nítòsí L2, tẹ́ ẹ máa ń fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5: páàdì tó kọ̀ láti bá PS4 sọ̀rọ̀ ló ń wò sàn. Kì í wo fífà.

ErukuỌyẹ́

Ẹ jẹ́ kí n mú ti fífọ̀, torí ibẹ̀ ni páàdì kejì yẹn ti máa bẹ̀rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ ni irú èyí pọ̀ jù. Eruku ọyẹ́ kúnná, ó ń gba abẹ́ róbà ánálọ́ọ̀gì wọlé, ó ń pàdé òógùn ọwọ́ àti lúúlúú káábónì dúdú tí irin ti ha sílẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń di ẹrẹ̀ sójú ọ̀nà irin náà.

Fífọ̀ láì tú u: pa páàdì, tẹ bọ́tìnnì PS mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kó o rí i pé iná rẹ̀ kú. Ti ánálọ́ọ̀gì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kán ẹ̀kán IPA (isopropyl alcohol, ọtí ìfọ̀ tó ń gbẹ kíá) 2 sí ihò tó ṣí sílẹ̀, yí i ká nígbà 30 lọ sápá ọ̀tún, nígbà 30 lọ sápá òsì. Jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú 30. Èyí máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, nígbà míì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, torí ńṣe ló kàn ń sún ìdọ̀tí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò gbà pé kéèyàn máa ṣe é lóṣooṣù. Bó bá ti padà lẹ́ẹ̀mejì, tú u.

Títú u: síkúrù 4 ló wà lẹ́yìn, orí PH00 (orí àgbélébùú kékeré). Síkúrúdíráífà tó tóbi jù á jẹ orí wọn, ìyọnu mìíràn nìyẹn. Fi káàdì ATM tó ti kú la ẹ̀gbẹ́ ibi ìdìmú méjèèjì, kó o wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè pẹ̀lẹ́. Má fà á ya! Wáyà pẹlẹbẹ kan ló so ibi ìgbaná mọ́ bọ́ọ̀dù, ó kúrú, ó sì máa ń ya. Yọ orí wáyà yẹn lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù kó o tó ṣí i tán. Ní àsìkò yìí L1, R1 àti sípíríǹgì L2 àti R2 lè já bọ́. Sípíríǹgì yẹn kéré gan-an, tó bá fò wọ abẹ́ àga o lè má rí i mọ́, nítorí náà tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì ya fọ́tò bí sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan ṣe jókòó.

Yọ bátìrì. Orí ike rẹ̀ ni kó o dì mú, má fa wáyà. Bí bátìrì náà bá ti wú, má ṣe dá a padà sínú páàdì, má sì ṣe gún un. Síkúrù kan ló kù tó di bọ́ọ̀dù mú láàárín. Yọ ọ́, yọ wáyà pẹlẹbẹ touchpad, gbé bọ́ọ̀dù sókè pẹ̀lú mọ́tò méjèèjì tó ń mú páàdì gbọ̀n, torí wáyà wọn jó mọ́ bọ́ọ̀dù.

Wàá wá rí ánálọ́ọ̀gì níhòòhò. Àpótí ike kékeré méjì ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n máa ń jẹ́ aláwọ̀ ewé. Èwo ló ń ka apá tó ń yọ ọ́ lẹ́nu? Ti ánálọ́ọ̀gì sí apá yẹn: àpótí tí àárín rẹ̀ bá yí ni. Fi síkúrúdíráífà pẹlẹbẹ tó kéré jù tú ìkọ́ rẹ̀ kúrò lára irin, fà á sẹ́yìn ìwọ̀nba tí àyíká funfun inú rẹ̀ fi máa jáde. Ẹsẹ̀ 3 àpótí náà ṣì wà lára bọ́ọ̀dù, wọ́n á tẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lè fara da irú títẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta wọ́n á kán.

Lára àyíká funfun yẹn ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà. Fi IPA nu òun àti ojú káábónì pẹ̀lú igi òwú tí wọ́n fi ń nu etí. Bí ojú káábónì bá dúdú jálẹ̀ láìsí àpá, oríire ni, ìdọ̀tí nìkan ló wà níbẹ̀. Bó o bá rí ìlà tó ti hó, tó fi àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ hàn láàárín gbùngbùn, ó ti jẹ. Fífọ̀ kan kì í dá káábónì padà. Pààrọ̀ rẹ̀.

Bọ́ọ̀lùAlẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé dandan ni IPA yẹn? Sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ńkọ́, àti WD-40?

ErukuỌyẹ́

IPA 99% ló dáa jù. Bó o bá rí 91%, lò ó, kàn jẹ́ kó pẹ́ kó tó gbẹ. 70% ní omi púpọ̀ nínú, má dà á sórí bọ́ọ̀dù. Sípíríìtì kẹ́míìsì, omi wà nínú rẹ̀, òmíràn sì ní àwọ̀ tó máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ lójú káábónì. Má lò ó.

Ní ti WD-40, méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń fún sí ìdè ilẹ̀kùn, òróró ló ń fi sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ á dà bí iṣẹ́ ìyanu, lẹ́yìn náà òróró á di gbogbo eruku mú, káábónì á sì bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n kọ Contact Cleaner sí lára kì í fi òróró sílẹ̀, ìyẹn ṣeé lò. Ka ara agolo kó o tó fún un. Lọ́fínńdà? Rárá o.

ÌyáGẹ́ẹ̀mù

Ẹ kú àlàyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé gẹ́ẹ̀mù, tí páàdì yín ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé òru, ẹ gbọ́ tèmi lórí ohun tó ń pa wọ́n láìtọ́jọ́.

Ti àkọ́kọ́ ni títẹ L3 (títẹ ánálọ́ọ̀gì òsì wọlé bíi bọ́tìnnì) tagbára-tagbára. Nínú gẹ́ẹ̀mù ìbọn, òun ni wọ́n fi ń sáré, ọmọdé á sì máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gún ata, pẹ̀lú títi síwájú lásìkò kan náà. Ibi tí ánálọ́ọ̀gì òsì ti ń jẹ nìyẹn. Bí gẹ́ẹ̀mù bá ní auto sprint (kí ẹni inú gẹ́ẹ̀mù máa sáré láìtẹ L3), ẹ tàn án.

Èkejì, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn. Ẹ má to páàdì léra wọn kí ìwúwo ọ̀kan wà lórí ánálọ́ọ̀gì èkejì mọ́jú. Ẹ má fi okùn wé e lára. Ẹ gbé wọn sílẹ̀ ní ojú wọn sókè, kẹ́ ẹ fi aṣọ bò wọ́n lásìkò ọyẹ́. Ohun mímu aládùn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ tábìlì gẹ́ẹ̀mù. Ṣúgà tó bá gbẹ sí ìdí ánálọ́ọ̀gì, IPA kì í yọ́ ọ dáadáa. Omi tó mọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí igi òwú ló ń yọ ṣúgà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi IPA lé omi yẹn jáde.

Gbígba iná: wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn páàdì, 5V, 800mA. Ẹ fi okùn sí ara PS4 tàbí ṣájà 5V tó dáa. Ṣájà tí kò lórúkọ, tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń mí, ó máa ń jó ibi ìgbaná. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 1000mAh. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ wo orí wáyà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí orí bátìrì ZCT1 tóbi ju ti ZCT2 lọ, wọn kì í wọ ara wọn.

Ẹ sì má gbàgbé fóòmù. Bí bọ́tìnnì X tàbí ọfà bá kọ̀ láti dáhùn, tàbí tó ń tẹ ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á pè é ní fífà. Kì í ṣe fífà. Wáyà pẹlẹbẹ kan ló wà lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì, fóòmù kékeré kan ló sì tì í mọ́ bọ́ọ̀dù. Fóòmù yẹn máa ń pẹlẹbẹ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ gé téèpù tàbí bébà tó nípọn díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, nǹkan bí 0.5mm, kẹ́ ẹ dè é padà. Bó bá nípọn jù, bọ́tìnnì á le.

ÀgbàPáàdì

Ẹ ṣeun mà. Ti fóòmù yẹn wọ̀ mí lára, iye páàdì tí wọ́n ti pààrọ̀ ánálọ́ọ̀gì rẹ̀ lórí òfo nítorí fóòmù pọ̀ jù.

Ayọ́ọ̀nù350

Pípààrọ̀ ánálọ́ọ̀gì pátápátá. Ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó tan ayọ́ọ̀nù.

Ohun èlò: ayọ́ọ̀nù tó ní ìdíwọ̀n ooru, 60W. Lẹ́ẹ̀dì 63/37 (tánńganran 63, òjé 37), sísanra 0.8mm. Flux (ohun tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì ṣàn dáadáa). Okùn bàbà tí wọ́n fi ń fa lẹ́ẹ̀dì. Pọ́ǹpù afalẹ́ẹ̀dì. IPA. Ánálọ́ọ̀gì tuntun, kẹ́ ẹ sì ra ọ̀kan lé.

Ẹsẹ̀ 14 ni ánálọ́ọ̀gì fi dúró lórí bọ́ọ̀dù: 3 fún àpótí kọ̀ọ̀kan, 4 fún bọ́tìnnì abẹ́ rẹ̀, 4 fún irin ara rẹ̀. Ibi tí gbogbo ìyọnu wà nìyẹn. Ẹ kò lè yọ ẹsẹ̀ kan kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ tú pọ̀.

Lẹ́ẹ̀dì tí ilé-iṣẹ́ fi jó o kò ní òjé nínú, ó ń yọ́ ní nǹkan bí 217°C. 63/37 ń yọ́ ní 183°C. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi flux sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, kẹ́ ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì tiyín kún ti orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹni ń fi kún ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yọ, àmọ́ bí méjèèjì bá pò pọ̀, wọ́n á yọ́ kíá. Ẹ gbé ayọ́ọ̀nù sí 350°C. Ẹsẹ̀ 4 ti irin ara rẹ̀ lè fẹ́ 380°C, torí bàbà ńlá inú bọ́ọ̀dù ló ń mu ooru wọn. Má fi orí ayọ́ọ̀nù lé ibì kan ju ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi pọ́ǹpù fa lẹ́ẹ̀dì jáde, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, kẹ́ ẹ fi okùn bàbà nu èyí tó kù. Ẹ fi ẹnu irin kékeré mi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń mì nínú ihò rẹ̀, ó ti tú. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ máa mì kẹ́ ẹ tó fa ánálọ́ọ̀gì. Bẹ́ ẹ bá fipá fà á nígbà tí ẹsẹ̀ kan ṣì lẹ̀, ojú bàbà ihò yẹn á ya tẹ̀ lé e, ẹ ó sì ní láti máa fi wáyà tín-ínrín wá ọ̀nà àbùjá.

Ọ̀nà kejì, tó rọ̀ jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́: lẹ́ẹ̀dì bismuth, èyí tó ń yọ́ ní 138°C. Ẹ fi rin gbogbo ẹsẹ̀, ẹ máa fi ayọ́ọ̀nù lọ máa fi bọ̀ lórí wọn, yóò wà ní yíyọ́ pẹ́ tó tí ánálọ́ọ̀gì fi máa já bọ́ fúnra rẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ nu gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́yìn náà. Bó bá kù nínú ihò, ibi tẹ́ ẹ jó á ṣẹ́ bí ṣìnkáfà gbígbẹ.

Ẹni bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi kórìíra kéèyàn ki ánálọ́ọ̀gì tuntun bọnú ihò tí lẹ́ẹ̀dì ṣì dí: ẹsẹ̀ àpótí rọ̀, ńṣe ló máa ń ká sábẹ́, ẹ kò sì ní rí i lókè. Ẹ wo gbogbo ihò níwájú iná, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ jó tuntun, ẹsẹ̀ kan ti irin ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóyá ó jókòó pẹrẹsẹ. Bí kò bá jókòó, ẹ tún ẹsẹ̀ yẹn yọ́ kẹ́ ẹ tì í wọlé. Ánálọ́ọ̀gì tó bá dagun díẹ̀, àárín rẹ̀ á yẹ̀ títí láé. Ìgbà tó bá pẹrẹsẹ lẹ ó tó jó ìyókù.

Bí iná bá ń ṣe ségesège lágbègbè yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láì ní ìnífátà tàbí jẹnẹrétọ̀. Kí iná lọ láàárín ẹsẹ̀ keje, kí ayọ́ọ̀nù máa tutù lọ lára bọ́ọ̀dù, ọ̀nà tó yá jù láti ya ojú bàbà nìyẹn. Ẹ ṣí fèrèsé nítorí èéfín flux, ṣùgbọ́n kí fáànù má kọjú sí iṣẹ́.

Bọ́ọ̀lùAlẹ́

Ọ̀gá, nọ́ńbà ti dé. Páàdì kìíní dúró sórí 0.09 sókè, kò mì, ó ń gòkè láì fo ibì kan. Èkejì ń fò láàárín 0.15 sí 0.40.

ÀgbàPáàdì

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èkíní kò nílò ayọ́ọ̀nù rárá, kọ̀ǹpútà á tún un ṣe. Páàdì tòótọ́ ń tọ́jú ibi tí àárín rẹ̀ wà sínú ìrántí tirẹ̀, ìrántí yẹn sì ṣeé kọ padà. Wá "DualShock Calibration GUI" lórí Chrome. Páàdì kan ṣoṣo ni kó o so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó máa ní kó o ti ánálọ́ọ̀gì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o máa jù ú sílẹ̀ láàárín. Jù ú sílẹ̀ bí o ṣe ń ṣe nínú gẹ́ẹ̀mù, má rọra gbé e padà. Ṣe ti àárín kó o tó ṣe ti etí. Má tíì fi pamọ́ títí láé, kọ́kọ́ padà sí gamepad tester kó o wò ó. Bó bá ti dé 0.02 sísàlẹ̀, fi pamọ́.

Ayọ́ọ̀nù350

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé ìyẹn ni oògùn. Káábónì tó ń jẹ, bẹ́ ẹ bá sọ àárín tuntun fún un lónìí, yóò tún yẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

ÀgbàPáàdì

Òótọ́ ni, fún káábónì tó ń jẹ. Ìdí tí mo fi ní kó rọra yí i nìyẹn. Nọ́ńbà tó dúró gbọn-in tí kò sì fò, káábónì rẹ̀ ṣì mọ́. Irú èyí, ìsinmi sípíríǹgì ló kúrò níbi tó wà nígbà tó jáde ní ilé-iṣẹ́. Kí ló dé tí a ó fi jó ohun tó ṣì mọ́? Nínú ẹ̀kejì, mo wà lẹ́yìn rẹ: bí èèyàn bá fi kọ̀ǹpútà bo káábónì tó ń fò mọ́lẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti deadzone inú gẹ́ẹ̀mù (ìwọ̀n tó yí àárín ká tí gẹ́ẹ̀mù kì í kà sí). Call of Duty gbà kó o gbé e sókè, Apex Legends náà. Bí àárín rẹ bá wà ní 0.06, gbé e sí 0.08, yóò dákẹ́. Má gbé e kọjá 0.15, torí ìfojúsùn kékeré, èyí tí gẹ́ẹ̀mù ìbọn dúró lé, á kú. Nínú gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù ànfààní rẹ̀ kéré, torí ánálọ́ọ̀gì ọ̀tún tó bá fò á kàn máa pààrọ̀ ẹni tó ń dáàbò bò ọ́ nígbà tí o kò fẹ́.

Dreamcast_Títí

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí ohun tí kò yẹ kó rí báyìí. Ọgbọ́n tó mú kí káábónì di ohun àtijọ́ kì í ṣe tuntun. Edwin Hall ló rí i ní 1879 pé òòfà ń ti iná tó ń lọ nínú irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sega fi ọgbọ́n yẹn sínú ánálọ́ọ̀gì páàdì Dreamcast, ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù rẹ̀, ní 1998: òòfà lórí ánálọ́ọ̀gì, ohun tó ń kà á nísàlẹ̀, wọn kì í fara kan ara wọn. Ohun tí kì í ha ara wọn kì í jẹ.

Alps, tó ń ṣe irú ánálọ́ọ̀gì tó wà nínú DualSense ti PS5, sọ nínú ìwé rẹ̀ pé yíyí mílíọ̀nù 2 ló lè ṣe. Ó pọ̀ létí, ṣùgbọ́n nínú gẹ́ẹ̀mù ìbọn tí àtàǹpàkò kì í sinmi, ọgọ́rùn-ún mélòó kan wákàtí ló máa jẹ ẹ́ tán. DualSense Edge jáde ní oṣù kìíní 2023 pẹ̀lú ánálọ́ọ̀gì tó ṣeé yọ láìsí ayọ́ọ̀nù. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Síbẹ̀ káábónì ló ṣì wà nínú rẹ̀. Páàdì tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀, Hall ló yẹ kó gbà.

Nítorí náà, Bọ́ọ̀lùAlẹ́, bó o bá máa jó páàdì kejì, Hall ni kó o jó sí i. Iṣẹ́ kan náà ni, ẹsẹ̀ wọn bá ihò káábónì mu. Ohun mẹ́ta ni kó o mọ̀. Lẹ́yìn tó o bá jó o, àárín rẹ̀ á kọ́kọ́ yẹ̀ gan-an, má bẹ̀rù, kọ̀ǹpútà ló máa tún un ṣe. Etí rẹ̀ náà, ṣe ti etí láì fo ìgbésẹ̀ kankan, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹni tí ò ń darí kò ní lè sáré tán. Àti pé Hall kì í wo sípíríǹgì tàbí bọ́tìnnì L3 sàn, àwọn yẹn ṣì jẹ́ irin àti ike.

TMR, irú ánálọ́ọ̀gì mìíràn tó wà lọ́jà báyìí, náà ń lo òòfà, iná tó ń jẹ kéré sí ti Hall. Bó o bá rí i ní iye kan náà, òun ni kó o mú.

WáyàTóJá

Kí o tó ra ohunkóhun fún un, rí i dájú pé páàdì náà jẹ́ ojúlówó, torí ìtúnṣe kọ̀ǹpútà kì í ṣiṣẹ́ lára ayédèrú. Ojú ìwé ìtúnṣe yẹn fúnra rẹ̀ á sọ fún ọ bó bá rí ayédèrú. Láìsí kọ̀ǹpútà, fi ìka méjì wò touchpad bóyá ó ń dáhùn, fi ìgbọ́rọ̀ sí ihò 3.5mm bóyá ohùn ń jáde. Ọ̀pọ̀ ayédèrú kì í ṣe méjèèjì.

Bọ́ọ̀lùAlẹ́

Ti PS5 ńkọ́? Ṣé bákan náà ni?

Ayọ́ọ̀nù350

Ánálọ́ọ̀gì rẹ̀ àti ẹsẹ̀ 14 rẹ̀, bákan náà. Ṣíṣí rẹ̀ ló yàtọ̀: yọ ike dúdú ìsàlẹ̀, yọ L1 àti R1, síkúrù 2 wà níbẹ̀, 2 wà ní ìdí ìdìmú. Má fọwọ́ kan mọ́tò L2 àti R2 tí o kò bá nídìí.

ErukuỌyẹ́

Bọ́ọ̀lùAlẹ́, fọ páàdì kejì kó o tó ra Hall. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí, owó rẹ kù. Bó bá sì jẹ́ pé káábónì ti hó, má ju ánálọ́ọ̀gì àtijọ́ nù lẹ́yìn tó o bá jó tuntun. Àpótí tó ń ka òkè àti ìsàlẹ̀ lára rẹ̀ lè ṣì mọ́ tónítóní, àyíká funfun inú rẹ̀ sì ṣeé fi pààrọ̀ ti páàdì mìíràn lọ́jọ́ iwájú. Kọ apá tó dáa sí i lára, fi sínú ọ̀rá pẹ̀lú sípíríǹgì tó bá kù.